Ẹyọ Kan Tó Máa Ń Ṣẹ́kù

Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù ilé mi ní Ìsẹ́yìn, nígbà tó ṣì ń kán lẹ́yọ lẹ́yọ tí kò tíì pinnu bóyá òun ó rọ̀ tàbí òun ó padà, etí mi a máa tàn mí jẹ. N ó rò pé hóró àjàgbọn ni àwọn kan ń jù sínú igbá. Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa ní Ṣakí ṣe máa ń dún ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ lọ́dún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, láti ìgbà tí àwa ọmọdé bá ti bọ́ aṣọ ilé ìwé títí wọn ó fi pe ìrun Àsárì. Ìró náà kò dá wà o. Àwọn ẹyẹ awó tí Ìyá Àgbà ń sìn wà níbẹ̀, àwọn tí ń bára wọn jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń du oyè. Garawa ń gbá ẹnu kànga. Ìyá mi ń yí iṣu tó ń sá lórí àpáta ẹ̀yìn ilé, ègé iṣu gbígbẹ ń ró kàrà kàrà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú lónìí, ìró hóró inú igbá ló máa ń borí gbogbo wọn. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé, irun mi sì ti ń funfun lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé inú ìwé ni mo ti bá nọ́ńbà pàdé. Orí ẹní ni mo ti bá a pàdé, mo sì ń dúpẹ́ pé ibẹ̀ ni.

Àpò kíjìpá kan wà ní yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Hóró àjàgbọn ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ṣa á jọ nígbà ayé rẹ̀, ó sì yan àjàgbọn nítorí pé hóró rẹ̀ le, ó ń dán, kòkòrò kì í sì í dá a lu. Ìlò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti ju agbára ilé wa lọ, gbogbo ilé á jókòó lórí ẹní, wọn á pín hóró náà, oníkálùkù á wá máa pe orúkọ Ọlọ́run kan ṣoṣo, Yáà Làtíìfù, ní ohùn jẹ́jẹ́. Bó bá ti pè é lẹ́ẹ̀kan, á mú hóró kan nínú igbá ọwọ́ ọ̀tún, á jù ú sí ti òsì. Ìgbà tí igbá ọ̀tún gbogbo ènìyàn bá ṣófo ni àdúà tó pé. Iye hóró náà jẹ́ ẹgbàajọ ó lé òjìlélẹ́gbẹ̀ta ó lé ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan ìparí yẹn sọ́kàn, òun ló ni ìtàn yìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Alfa, ni olórí kíkà náà. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó le bí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa. Tí ó bá ní ẹ wá ní agogo mẹ́rin, ẹni tó dé ní mẹ́rin kọjá díẹ̀ ti pẹ́, ẹni tó dé kí mẹ́rin tó lù náà ti yọjú ṣíwájú àkókò. Kì í gbà kí iye hóró lé, kì í sì í gbà kí ó dín. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ni àdúà, bí eyín kọ́kọ́rọ́ bá fi ẹyọ kan lé, ilẹ̀kùn kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Òun ló ṣàlàyé fún wa pé iye náà kì í ṣe èyí tí ẹnìkan ṣàdédé jí sọ. Ó ní lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀: láàmù jẹ́ ọgbọ̀n, tọ́ọ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, yáà jẹ́ mẹ́wàá, fáà jẹ́ ọgọ́rin. Àwọn ló kọ Làtíìfù. Bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, wọ́n á jẹ́ àádóje ó dín kan. Kí ẹ wá gbé àádóje ó dín kan náà, kí ẹ kà á lọ́nà àádóje ó dín kan, ẹ ó bá gbogbo hóró inú àpò níbẹ̀. Orúkọ tó fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Alfa ṣe ń wí i. Nígbà tí mo bi í léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà, ó ní Ẹni tí àánú rẹ̀ ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tó ju agbára ilé lọ lọ́dún yẹn ni pé bàbá mi lọ, kò sì bọ̀. Ó yá alùpùpù Bàbá Alfa, tuntun ni, rọ́bà ìjókòó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó di èlùbọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní òdìkejì bọ́dà, òun ó padà kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé. Ọjà pé, ó tú. Òmíràn pé, ó tú. Igi kajú yọ òdòdó, ó so, a ká a, bàbá mi kò dé. Àwọn arìnrìn-àjò mú ìròyìn wá lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ní òun rí i lóko olóko kan, ó ń roko, ó ti gbẹ. Òmíràn ní wọ́n ti jí alùpùpù gbé mọ́ ọn lọ́wọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè wálé. Ẹnìkan tiẹ̀ wà tó ní òun kò rí i o, ṣùgbọ́n ó jẹun yó kó tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Alùpùpù yẹn ni Bàbá Alfa fi ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Ọ̀fìkì àti Ìwéré-Ilé. Láti ìgbà tó ti lọ, inú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èèyàn pọ̀ mọ́ gbàgúdá ló ń há ara rẹ̀ sí, á padà wálé pẹ̀lú eruku nínú irùngbọ̀n. Kò pe orúkọ bàbá mi mọ́. “Ọkùnrin yẹn” ló ń pè é.

Kò sí ẹni tó lé ìyá mi nínú ilé náà, mo fẹ́ kí ìyẹn yé yín. Kò sí ẹni tó sọ òkò ọ̀rọ̀ lù ú. Ṣùgbọ́n ó ń rìn nínú àgbàlá bí ẹni tó wọ ilé onílé. Òun ló ń kọ́kọ́ jí gbálẹ̀, á gbá iwájú yàrá tirẹ̀, á gbá ti Ìyá Sàfí, ìyàwó Bàbá Alfa, mọ́ ọn. Bó bá se ọbẹ̀ ìlasa, a máa ṣa ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ Bàbá Alfa, á wá fi omi ọbẹ̀ jẹ ọkà tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ìyá Sàfí rí i lọ́jọ́ kan, ó bá a wí, ó ní, “Ìyá Gàní, ṣé ìwọ lo gun alùpùpù ni?” Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe alùpùpù. Ó ń bẹ̀rù pé bí ọkọ òun bá tilẹ̀ dé, ilé náà kò ní gbà á mọ́, kí ó máà wá jẹ́ pé a ó kó ẹrù wa kúrò nínú àgbàlá kan ṣoṣo tí àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀. Kò sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Mo kàn ń gbọ́ ọ nínú bó ṣe ń gbálẹ̀.

Ìyá Àgbà ló ní kí a gbé àpò hóró jáde. Ó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ la ó máa kà á títí a ó fi gbúròó. Bàbá Alfa gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé tòun, òun ń kà á kí alùpùpù òun lè padà wá. Ìyá Àgbà kò bá a jiyàn. Ó ní, “Ẹni tó gun alùpùpù ni èmi ń wá ní tèmi. Ìwọ máa wá alùpùpù rẹ. Ọlọ́run mọ èyí tó máa kọ́kọ́ rán wá.” Èmi àti Sàfí, ọmọ Bàbá Alfa tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ní láti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwa ọmọdé ló ni iṣẹ́ pínpín: èmi, Sàfí, àti Gàní ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè ka Fátíà lẹ́nu ara rẹ̀ ló ní igbá, mẹ́jọ sì ni wá: Ìyá Àgbà, Bàbá Alfa, Ìyá Sàfí, ìyá mi, Àǹtí Múìbá àbúrò bàbá mi tó ń ránṣọ, àti àwa ọmọ mẹ́ta. A ó to igbá mẹ́jọ sórí ẹní, a ó máa ju hóró sí i ní márùn-ún márùn-ún, bí àwọn àgbà ṣe ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́. Ọwọ́ wa yá nídìí rẹ̀ débi pé ojú wa lè máa wo awó tó ń jà kí ìka wa máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹgbàá ó lé ọgọ́rin ló máa ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo igbá á dọ́gba, ẹyọ kan á sì ṣẹ́kù lórí ẹní. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Gàní ní a ti ṣì í kà. Ó ní kí a tú gbogbo rẹ̀. A tú u, a tún un pín, ẹyọ kan tún ṣẹ́kù. Gàní wo èmi àti Sàfí bí ẹni pé àwa la ń bí hóró náà.

Mo mú ẹyọ kan náà lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní kí n gbé e fún ta ni. Ó ń fi ìka wá inú abọ́ ẹ̀wà kó lè ṣa òkúta kúrò. Ó gbà á, ó nu eruku ara rẹ̀ sí ìró. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹyọ tó bá ṣẹ́kù nínú ohun tí ilé bá pín, ti ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni.” Bàbá Alfa ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò sí níbí kó kà á, bí wọn kò bá sì kà á, iye ti dín. Wọ́n fọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n fọ̀rọ̀ náà bọ̀. Ibi tí Ìyá Àgbà parí rẹ̀ sí ni pé, bí gbogbo wa bá ti ka tiwa tán, a ó gbé orí sókè, a ó sì pa ohùn pọ̀ ka ẹyọ kan náà sókè ketekete, lẹ́ẹ̀kan, ní orúkọ ẹni tí kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ la sì ṣe é. Ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo èyí tó kù, bí ìgbà tí oyin ń kùn nínú ihò igi, àfi ẹyọ kan ìgbẹ̀yìn yẹn tó ń jáde bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ẹni tó wà lókèèrè. Ohùn ìyá mi máa ń já lójú ibẹ̀. Èmi tí mo jókòó ní iwájú Bàbá Alfa gan-an rí ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ètè rẹ̀ kì í mì. Ó ń ka ẹgbàá ó lé ọgọ́rin tirẹ̀ láìfi ọ̀kan ṣòfò, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ti ọkùnrin yẹn, á pa ẹnu dé.

Ọdún pọ̀ kí n tó mọ ìdí tí ẹyọ kan náà fi ń ṣẹ́kù. Ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo ni mo kọ iye náà sára pátákó láti fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo ní kí wọ́n wá iye ènìyàn tí a lè pín in fún tí kò ní ṣẹ́kù. Wọ́n fi méjì gbìyànjú, ọ̀kan ṣẹ́kù. Wọ́n fi mẹ́rin, ọ̀kan. Márùn-ún, ọ̀kan. Mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún, ogún, ogójì, ọ̀kan náà ló ń ṣẹ́kù, títí ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn fi ní, “Ẹ̀yin Ìyá, nọ́ńbà yìí ní oríkunkun.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, wọn kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Àádóje ó dín kan lọ́nà àádóje ó dín kan, mẹ́ta àti mẹ́tàlélógójì nìkan ni gbòǹgbò rẹ̀. Bí ilé kan bá ju ènìyàn mẹ́ta lọ, tí kò sì tó mẹ́tàlélógójì, iye ènìyàn kan ṣoṣo péré ló wà tó lè pín in kó má ṣẹ́kù. Bàbá ọkọ Ìyá Àgbà kò lè mọ iye àwa tí a ó gbé ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹni tó mọ̀ mọ̀, n kò ní jiyàn.

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí n kò lè gbàgbé, lákòókò ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo wa ti bẹ́. A pín hóró tán, mo na ọwọ́ láti mú ẹyọ tó ṣẹ́kù, ọwọ́ mi kan ẹní lásán. Mo gbé ẹsẹ̀, mo wo abẹ́ ẹsẹ̀. Sàfí gbọn ìró rẹ̀. Gàní ká ẹní sókè. Kò sí. Igbá mẹ́jọ dọ́gba, kò sì sí ohun tó ṣẹ́kù. Ẹni tó jẹ́ àlejò á ní ó mà dára o, ó pín geere. Ṣùgbọ́n ilé wa ti kọ́ ara rẹ̀ láti fi hóró yẹn pe ènìyàn, nítorí náà nígbà tí Gàní sọ pé kò ṣẹ́kù, ọwọ́ Ìyá Sàfí dúró lórí ọlọ. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, ó wo ẹní, ó wo ojú wa, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan. Kò sunkún sókè. Ó ń sọ “Ó dọwọ́ Ọlọ́run” léraléra, ohùn rẹ̀ kéré. Ìyá Àgbà ní hóró kì í ṣe ẹ̀mí, ó ní kí ìyá mi dìde ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ náà ti yí padà. A kò kà lọ́jọ́ náà. Bàbá Alfa ní iye kò pé, kò sì sí ohun tí òun lè fi iye tí kò pé ṣe. Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ń lọ da omi ìfọ̀bọ́ nù lẹ́yìn ilé, kí oòrùn tó wọ̀, ni mo rí i. Bàbá Alfa kúnlẹ̀ sórí ààtàn. Jalàbíà funfun tó fi ń kírun Jímọ̀ ló wọ̀, ó ká a sókè mọ́ orúnkún, ó gbé ajọ̀ tí Ìyá Sàfí fi ń jọ èlùbọ́ dání, ó ń bu eérú àti pàǹtí sí i, ó ń jọ̀ ọ́. Ìyẹ́ awó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ẹ wò ó, igi àjàgbọn kan dúró tí kò jìnnà sí ibi tó kúnlẹ̀ sí, èso rẹ̀ gbẹ, ó ń rọ̀ dirodiro. Bó bá nawọ́, á já tuntun, kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wo igi náà. Ó ń jọ̀, ó ń da ìdọ̀tí nù, ó ń bu òmíràn, ó ń kùn sínú ara rẹ̀. Nígbà tó rí hóró náà, ó mú un sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó wò ó, ó wá fi iwájú orí kan ilẹ̀ níbẹ̀, lórí ààtàn. Orúkọ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń dìde kì í ṣe ti alùpùpù. “Àjàní,” ló wí. Àjàní ni oríkì bàbá mi. Ó fọ hóró náà lẹ́nu kànga, ó jù ú sínú àpò, ó sọ fún ìyá mi láti òkèèrè pé nǹkan yẹn ti pé, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ kan ẹní mọ́ láìgbọ̀n ọ́n wò. Ó bínú sọ ọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bẹ̀rù Bàbá Alfa mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá mi dé, lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ọ̀nà ẹ̀yìn àpáta ló gbà bí olè. Ìyá mi ń kó iṣu gbígbẹ jọ nítorí ojú ọ̀run tó ṣú, ó gbójú sókè, ó rí i. Ó gbé agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, ìgbà tí bàbá mi mu omi tán ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sunkún. Bàbá mi ti gbẹ lóòótọ́. Báàgì kékeré kan ló wà léjìká rẹ̀, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi dé iwájú Ìyá Àgbà. Ó ní òun dúró kírun Àílà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n fi jí alùpùpù gbé lọ. Ó ní òun ti ń roko òwú fún olóko kan láti ìgbà náà kí òun lè rí òmíràn rà fún ẹ̀gbọ́n òun, ṣùgbọ́n kò tíì tó, kò tilẹ̀ tíì sún mọ́ ọn. Ó kàn wá wo ojú wa ni. Ọkọ̀ kan ń padà sí bọ́dà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun ó bá a lọ. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí Bàbá Alfa ti mọ́sálásí dé, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù. Bàbá Alfa ní, “Ẹ káàbọ̀,” ó fi “ẹ” kí àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò tí a kò rí rí, ó sì kọjá sí yàrá.

Lọ́jọ́ kejì a ti ilé ìwé dé, a bá báàgì bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, òun náà jókòó tì í lórí àpótí, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ìyá Àgbà gbé àpò hóró jáde fúnra rẹ̀. Ó to igbá sórí ẹní, mo kà á, mẹ́sàn-án ni. Mo wo Gàní, Gàní wò mí. Ọwọ́ wa ti mọ mẹ́jọ, Gàní sì ní mẹ́sàn-án á bà á jẹ́, kò ní pín geere, Bàbá Alfa á sì bínú. Ìyá Àgbà ní kí a pín in. A bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú ní márùn-ún márùn-ún. Ọwọ́ wa kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, a ń yí kọjá ibi tí a máa ń dúró sí, a ń kan igbá kan sí i. Nígbà tó kù díẹ̀, márùn-ún kò lè yí mọ́. Mo ka èyí tó kù, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Mo jù ú ní mẹ́rin mẹ́rin. Ó kárí. Mo na ọwọ́ sí ẹní bí ìṣe mi, ọwọ́ mi kan ẹní lásán.

Mo ní, “Ìyá Àgbà, kò ṣẹ́kù.”

Ìyá mi tó ń dín máásà tí a ó fi ṣe sàárà lẹ́yìn kíkà fò dìde, ojú rẹ̀ bà jẹ́ kí ó tó rántí. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu ọ̀nà, ó rí ẹni tó jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pe bàbá mi. Ó ní, “Àjàní, láti ìgbà tí o ti lọ, ẹyọ kan ló ń ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ilé yìí ló ń para pọ̀ gbé e. Wá wò ó lónìí.” Bàbá mi wá, ó dúró létí ẹní, kò bọ́ bàtà. Ó ní kí wọ́n yọ òun kúrò, ó ní ohun tí òun ba jẹ́ kò jẹ́ kí òun lẹ́nu láti bá wọn kà.

Bàbá Alfa ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé igbá kẹsàn-án pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e lọ bá àbúrò rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó ní, “Tìrẹ rè é. Ó ti rẹ̀ mí láti máa wá ọ.” Bàbá mi bọ́ bàtà. Ó jókòó sí àárín èmi àti Gàní, orúnkún rẹ̀ kan tèmi, ó ń gbóòórùn ọ̀nà jíjìn. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹgbẹ̀sán ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹrù wa fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì fi ẹnu mi tọ́ ọ wò pé ó fúyẹ́. Ọkọ̀ tó ń lọ sí bọ́dà fọn fèrè lójú títì, ó dúró, ó tún fọn. Ìyá mi dìde láìdákẹ́ nínú kíkà rẹ̀, ó gbé báàgì náà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọ yàrá, ó padà wá jókòó. Alùpùpù yẹn kò padà wá títí di òní. Bàbá Alfa fi bọ́ọ̀sì lọ, ó fi bọ́ọ̀sì bọ̀, àwọn méjèèjì jọ roko kajú kan náà títí wọ́n fi dàgbà sí i, mo sì ń dúpẹ́ fún gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ nínú oko náà, àti fún àgbàlá tí a kò kó kúrò.

Igbá ọ̀tún ṣófo, ti ẹni àkọ́kọ́, ti ẹnì kejì, títí ó fi kan ti bàbá mi tó kẹ́yìn. Gbogbo wa sì gbé orí sókè bí a ti máa ń ṣe, a la ẹnu sílẹ̀, ìgbà náà la tó rántí pé kò sí ẹyọ kankan lórí ẹní. Iye ti pé. A ń wo ara wa. Mo wo Bàbá Alfa tí kì í fẹ́ kí ó lé, tí kì í fẹ́ kí ó dín. Ètè rẹ̀ mì. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì ké e sókè ketekete, òun nìkan: “Yáà Làtíìfù.” Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ilé gbà á. Iye wa fi ẹyọ kan lé lọ́jọ́ náà, Bàbá Alfa kò sì ní kí a tún un kà.